Ìyálé àti Ìyàwó ní Pápá Bàálù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni ìyàwó mẹkáníìkì kan fi bá bàálù jowú. Bàálù jẹ́ẹ̀tì kékeré ni, èyí tí àwọn ológun òfuurufú fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní bàálù wíwà. Bí obìnrin náà bá ti rí ọkọ rẹ̀ tó ń wá bàtà láàárọ̀ kùtùkùtù, á ní, "Ìyálé mi ti ń pè yín nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn ará ibi iṣẹ́, àwọn náà sì gbà á lò. Bí bàálù ṣe di Ìyálé nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀ náà ní orúkọ àpèjẹ́ tirẹ̀: Bàbá Àìjókòó. Àṣà kan ló fa orúkọ yìí. Ní pápá yẹn, mẹkáníìkì tó bá fọwọ́ sí ìwé pé ara bàálù dá, pé ó ṣeé gbé fò, kò gbọdọ̀ jókòó títí bàálù ọ̀hún á fi padà balẹ̀. Kì í ṣe òfin ìjọba, bí wọ́n ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn àgbà ni. Àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ a máa fara ti ògiri, wọ́n á ní ìfarati kì í ṣe ìjókòó. Bàbá Àìjókòó kì í fara ti nǹkan kan. Á dúró gbọn-in, á máa tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì títí bàálù á fi dé.

Ayé dùn nígbà yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Òórùn epo bàálù láàárọ̀, tíì gbígbóná nínú ife irin, sípánà tí wọ́n tò sára pátákó láti orí àgbà dé orí ọmọ. Àga méjì ni Ìyálé ní, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì wà, tíṣà ń wo ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì lè gbá ọwọ́ náà dànù bó bá fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ. Ó ní sùúrù bí ìyálé gidi. Bí ọmọ kan bá fi agídí gbé imú rẹ̀ sókè jù, á kọ́kọ́ gbọ̀n jìgìjìgì, á kìlọ̀ fún un dáadáa, kó tó ronú àtiṣubú. Àwọn ọ̀gá tó ń gbéra ga lónìí, inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìbẹ̀rù.

Àmọ́ ó jẹ wọ́n ní gbèsè kan. Tíṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ Bàbá Àìjókòó tímọ́tímọ́. Lọ́jọ́ kan, Bàbá fọwọ́ sí ìwé fún un, Ẹlẹ́rìn-ín nìkan sì gbé ọ̀kan lára àwọn Ìyálé jáde láti dán an wò. Kò tíì ga ju orí igi lọ tí ẹyẹ fi kó sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹlẹ́rìn-ín fa ọwọ́ àga tó ń juni jáde, àga náà sì jù ú jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n àga Ìyálé ń fẹ́ ibi gíga kí agbòòrùn rẹ̀ tó ń sọ èèyàn kalẹ̀ jẹ́jẹ́ tó lè ṣí. Ilẹ̀ ti sún mọ́ jù. Àwọn olùwádìí ní mẹkáníìkì kò jẹ̀bi. Bàbá gbọ́, ó dúpẹ́, síbẹ̀ kò jókòó títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Ó ti fẹ̀yìn tì tán kí ọ̀gá àgbà pápá náà tó ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà ayé Ẹlẹ́rìn-ín.

"Bàbá, wọ́n ti gbé bàálù tuntun wá ká dán an wò," ó ní. "Àwọn ọmọ ti ń pè é ní Ìyàwó. Ìgbìmọ̀ wa pín sí méjì ọgbọọgba. Ẹ bá wa fi méjèèjì wéra. Tí ẹ bá ní kí Ìyálé dúró, a máa tún un ṣe, á tún lo ọdún mẹ́wàá. Tí ẹ bá ní Ìyàwó ni, wọ́n á tú Ìyálé palẹ̀, wọ́n á tà á fún àwọn onírin."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Bàbá fi yí Ìyàwó po, tó ń wá àléébù rẹ̀ kiri bí ìyá ọkọ. Ó sì rí i. Àga kan wà lẹ́yìn èkejì, tíṣà kò rí ọwọ́ ọmọ mọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibi tó ń dun bàálù, mẹkáníìkì kò nílò etí mọ́. Bàbá kọ ojú ewé méjì, ìyìn Ìyálé ni gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó bi ọ̀dọ́bìnrin ẹnjiníà tó ń mú un káàkiri léèrè pé, "Ọmọ mi, àga yìí ńkọ́? Bàálù gbọ́dọ̀ ga tó báwo kó tó lè gba èèyàn là?"

"Kò dìgbà tó bá ga, Bàbá. Kó dúró sílẹ̀ báyìí, kó má tiẹ̀ mira, á ju èèyàn sókè débi tí agbòòrùn á fi ṣí."

Bàbá di àkàsọ̀ mú. Ó ní kó tún un sọ, ọmọ náà sì tún un sọ.

Nígbà tó délé, ó tẹ́ ojú ewé méjèèjì sórí tábìlì. Kò pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀, nítorí òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó kàn kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ pé: "Ìyàwó ni kí ẹ mú. Àga rẹ̀ á dá àwọn ọmọ padà fún ìyá wọn." Ó fọwọ́ sí i.

Aya rẹ̀ kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ ti kọ ìyálé mi sílẹ̀ nìyẹn?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rí ojú ọkọ rẹ̀. Ló bá fa àga, ó jókòó tì í.

Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbé Ìyàwó lọ sókè, wọ́n to àga fún àwọn àlejò lábẹ́ ìbòrí. Gbogbo ènìyàn jókòó, àfi Bàbá. Ọ̀gá àgbà wá bá a.

"Bàbá, ẹ jókòó o jàre. Iṣẹ́ yín ti parí. Mẹkáníìkì tó fọwọ́ sí i ló dúró lọ́hùn-ún yẹn."

"Mo rí i, ọ̀gá," Bàbá dáhùn, ojú rẹ̀ ṣì wà lókè. "Ṣùgbọ́n èmi náà fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá dúró tì í. Ohùn ẹ́ńjìnnì náà ṣàjèjì sí Bàbá, kò mọ ìgbà tí ara rẹ̀ yá àti ìgbà tí kò yá, ṣùgbọ́n ó tẹ́tí sí i títí ọmọ ọlọ́mọ fi balẹ̀, tó ṣí ìbòrí gíláàsì, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó wá àga.