Kẹ́hìndé Tí Ẹ̀rọ Ò Gbà Wọlé

Yàrá kọ̀ǹpútà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Ọ̀fà, lẹ́bàá ojú irin, òtútù ibẹ̀ pọ̀ débi pé lọ́jọ́ kan mo sín, sísín náà dì kó tó délẹ̀, ó já bọ́, ó fọ́, mo sì fi ìgbálẹ̀ gbá a. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ má gbà. Òórùn ibẹ̀ ṣì wà nímú mi, òórùn bébà tuntun àti rọ́bà tó fẹ́ jó. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló gba gbogbo yàrá náà, kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ yín ń há sí abíyá káàkiri báyìí.

Prámárì fáìfù ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Mo mọ lẹ́tà ńlá, mo sì mọ bọ́tìnnì tó yẹ kí n tẹ̀. Ọ̀gá mi, obìnrin Abẹ́òkúta kan tó kàwé dáadáa, ló ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé. Ojú méjì bíi tẹlifíṣọ̀n ló wà lórí tábìlì wa. Òun á tún àṣẹ kọ lójú ti òsì, èmi á dán an wò lójú ti ọ̀tún, màá sì ka ohun tó bá jáde sókè. Kò jẹ́ fọwọ́ kan ìlà mìíràn àfi tí mo bá kà á tán.

Orúkọ àwọn ọmọ tó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba là ń tẹ̀ lọ́dún yẹn. A ti kọ́kọ́ lẹ ìwé kan síta kí àwọn òbí yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá kan ti Òjòkú dé, ó ní, "Ìbejì ni mo bí, àwọn méjèèjì ló yege. Táíwò wà nínú ìwé yín, Kẹ́hìndé ò sí." Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìwé ìkẹyìn máa jáde, bàbá wọn sì ti sọ pé ọmọbìnrin tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, oko lá lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi á kọ, èmi á tẹ̀, a ó wá dúró. Àwọn ọ́fíìsì mìíràn náà ń lo ẹ̀rọ yìí, nítorí náà ó lè tó wákàtí kan kó tó dá wa lóhùn, á kàn máa kùn bí ikùn tí ebi ń pa.

"Táíwò wà. Kẹ́hìndé ò sí, mà."

"Tún un kà."

"Mà, ojú mi ò kúkú lè bí i."

Ó wò mí bí ẹni fẹ́ gbá mi létí, ó padà sí ìlà rẹ̀. Ọjọ́rú lọ, Ọjọ́bọ̀ lọ. Ẹ̀yìn mi gan bí igi. Ọ̀gá mi bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé páálí bébà, ojú rẹ̀ pọ́n. A ò tilẹ̀ bínú síra wa mọ́, ó ti rẹ̀ wá kọjá ìbínú.

Láàárọ̀ Jímọ̀ ni mo ní ká fi orúkọ ìbejì mìíràn dán an wò, ìbejì márùn-ún. Gbogbo Táíwò jáde. Kò sí Kẹ́hìndé kankan. Ọ̀gá mi wá fi ìka tọ́ ìlà kan. Bí orúkọ bàbá, ìlú àti ọjọ́ ìbí bá ti bára mu, ẹ̀rọ á gbà pé ẹnì kan náà ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, á sì pa ìkejì rẹ́. Fọ́ọ̀mù Táíwò sì ni gbogbo ìyá máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

"Ta ló kọ ìlà yẹn, mà?"

"Èmi ni."

"Ẹ wá lé ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ẹni tó rán níṣẹ́ wọlé."

Ó rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó tún ìlà náà kọ, mo tẹ̀ ẹ́, Kẹ́hìndé jáde. Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ tán, ìwé ti wà lára ògiri.

Ibi tí mo ti purọ́ fún yín rèé. Kì í ṣe èmi ni mo ronú kan ìbejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́nu ọ̀nà, ìyá yẹn ti bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yín mọ̀ pé èèyàn lè bí méjì lọ́jọ́ kan?" Mo ní, "Màmá, ẹ lọ jókòó, iṣẹ́ àwọn tó kàwé nìyí." Èmi, prámárì fáìfù. Ìgbà tí gbogbo ọ̀nà dí mọ́ wa ni mo tó yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde bíi pé tèmi ni. Ọjọ́ mẹ́ta tí a fi jìyà yẹn, ọwọ́ mi ló ti wá. Àwọn èèyàn ṣì ń yìn mí lórí ẹ̀ pé orí mi pé, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa jẹ́ kí wọ́n yìn mí.