Ohùn Sìdíkátù

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé àdúà ọjọ́ kẹjọ ìyàwó mi, Sìdíkátù, ni mo tún ṣílẹ̀kùn ilé fíìmù wa ní Ajah. Àwọn kan ní kí n ṣì sinmi. Kí n sinmi kí n ṣe kí ni? Ẹkún nìkan ló wà nílé. Iṣẹ́ mi, mo mọ̀ ọ́n.

Fíìmù òkè òkun la máa ń fi hàn. Àwọn bíríkìlà àti alágbàṣe tó máa ń kún ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà a máa ń pa ohùn fíìmù, àwa la ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ará inú rẹ̀, tí a ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Èmi ni gbogbo ọkùnrin, ọ̀gá àti ọlọ́pàá. Sìdíkátù, lórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni gbogbo obìnrin. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà ni mo máa ń túmọ̀ fún un nílé. Òun ló ń fi iyọ̀ sí i.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni mo gbé sí i lọ́jọ́ náà. Àwọn adúláwọ̀ ń fọṣọ nílé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn àti òyìnbó jọ ń ṣe, ṣùgbọ́n owó wọn kì í tó ti òyìnbó. Obìnrin kan nínú wọn wá wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ.

Mo ṣe ọ̀gá: “Ta ló ní kó o wọlé? Ṣé o ò rí àwọ̀ ara ẹ ni?”

Obìnrin náà lanu. Ó kàn mí láti sọ tirẹ̀, ohùn mi kọ̀. Ètè rẹ̀ ń mì lára ògiri, kò sí ọ̀rọ̀.

Sàkí bíríkìlà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ké sí mi: “Bàbá Fíìmù, ṣé wọ́n ti gé ahọ́n ìyá yẹn ni?”

Ni Múínà, ọmọbìnrin tó ń ru búlọ́ọ̀kù ní sáìtì kan ní Lẹ́kkí Phase 1, bá dìde lẹ́yìn. Ó ní: “Ọ̀ọ̀ọ̀gá! Òógùn mi ló wà lára ṣẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò. Ṣé dúdú ni àbí funfun?”

Ilé hó yèè. Kò sí ìyẹn nínú fíìmù o! “Èmi náà ń ṣiṣẹ́” péré ni obìnrin yẹn sọ. Ti Sìdíkátù ni gbogbo ẹ̀, títí kan bó ṣe fa “ọ̀gá” yẹn gùn.

Omi ń bọ́ lójú mi, mo fi ohùn ọ̀gá pariwo: “Jáde!”

“N ò jáde!” Gbogbo ilé ló dáhùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Kàmọ́rù, ọ̀gá sáìtì wọn, wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Fíìmù, ẹ ti ba Múínà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní kí n gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì mi! Ó ní ẹrù tí ọkùnrin ń rù lòun náà ń rù, kówó àwọn dọ́gba.”

“Ṣó o gbà?”

“Kí ni ǹ bá ṣe? Sàkí àtàwọn èèyàn ẹ̀ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n ń kígbe ‘N ò jáde.’”

Mo ní kó wọlé wá jókòó, fíìmù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Múínà ti wà lórí àpótí Sìdíkátù, ó ń tún ọ̀fun ṣe.