Bàbá Èsírà, Ẹni Tó Kọ Orúkọ Ọlọ́run Sínú Físì Ìjọba

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni a fi ń kéde fún gbogbo ará Ìfànyìn, Ìgòló, Banigbé àti agbègbè wọn pé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sẹ́ni tó gbálẹ̀ ilé ìjọsìn wa. Ewé ti wọlé. Ikán ti da ìyẹ̀fun igi sórí bẹ́ńṣì. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ewúrẹ́ kan wọlé, ó dúró níwájú pẹpẹ, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ṣe ohun tí ewúrẹ́ máa ń ṣe, ó sì jáde. Ìgbìmọ̀ Ìjọ ti ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀ràn ewúrẹ́ náà. Wọn ò tíì ṣe ìpàdé kankan lórí ikú ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ẹni náà ni bàbá mi. Háà, Bàbá Èsírà! Ó dìgbà tí a ó tún rí ara wa níwájú Ẹni tí kò ní igbákejì.

Ẹ̀yin ọlọ́fọ̀ tí ẹ ti òkèèrè wá, ẹ jẹ́ kó yé yín. Bàbá kì í ṣe agbálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, òun sì ni katikíìsì tó dá ìjọ yìí sílẹ̀. Orí ilẹ̀ tó jogún ni ilé ìjọsìn wà. Ó gé àwọn ọ̀pẹ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó ní, “Ọlọ́run ni mo fún,” kò sì bá ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ̀wé. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Bàbá, ìwàásù kan ṣoṣo ni ẹ ní, aṣọ rẹ̀ ni ẹ ń pààrọ̀ lọ́jọọjọ́ ìsinmi: Ọlọ́run ló jọba. Ẹ máa ń sọ pé, “Bí Ọlọ́run bá jẹ ọba lóòótọ́, àlejò ni gbogbo wa nínú ilé yìí. Ẹni tó bá jókòó sórí àga onílé, kó má na ẹsẹ̀.” Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín ní olórí ìjọ, ẹ ó wẹ̀yìn wò, bí ẹni ń wá ẹni tí wọ́n ń kí.

Nígbà tí ìjọba ológun àwọn kámáráàdì tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ dé, wọ́n ní kí gbogbo ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ forúkọ sílẹ̀. Àwọn alárùú ẹnubodè Ìgòló forúkọ sílẹ̀. Wọ́n fi físì tiwa náà, ìwé ìforúkọsílẹ̀, ránṣẹ́: orúkọ olórí pátápátá, iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó ń gbé, àti fọ́tò méjì. Bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Orúkọ: Ọlọ́run. Iṣẹ́: Ó dá ọ̀run òun ayé. Ibùgbé: Kò sí ibi tí kò sí. Níbi fọ́tò, ó kọ ọ́ pé: Ẹnikẹ́ni kò tíì rí i.

Ọjọ́ kẹta, delegé, aṣojú ìjọba ní ìlú wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí Bàbá ti kọ́ ní ABD rí, gbé físì náà padà wá sílé. Mo wà níbẹ̀.

“Papa, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ kọ síbí?”

“Kámáráàdì ọmọ mi, olórí pátápátá ni ẹ béèrè. Ẹ ò béèrè igbákejì.”

“Ó dáa. Ṣé yóò wá sí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì?”

“Yóò ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.”

“Ta ló máa bá a fọwọ́ síwèé báyìí?”

“Lọ wo ewé ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ lóko. Ìfọwọ́sí rẹ̀ nìyẹn. Já ọ̀kan, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ físì.”

Delegé rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Bàbá ń fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì tì í mọ́ ilé tí wọ́n ń kó àpò àgbàdo sí fún ọjọ́ márùn-ún.

Kó má di pé ẹ ṣì mí gbọ́: kì í ṣe ìjọba ni mò ń bínú sí. Ìjọba kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun mọ Ọlọ́run.

Ìjọ ni mò ń bínú sí. Ní ọjọ́ márààrún, alàgbà kankan kò yọjú síbẹ̀. Ìyá Ráfátù, aládùúgbò wa, Mùsùlùmí tó ń ta epo pupa, ló ń gbé gààrí àti omi lọ fún un láàárọ̀ láàárọ̀. Ọwọ́ àwọn alàgbà dí. Wọ́n ti gba físì tuntun. Alàgbà Bàrúkù, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ nígbà náà, ti fi tàdáwà aláwọ̀ búlúù kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi olórí pátápátá. Fọ́tò rẹ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀. Ó ti yà wọ́n ní Àjàṣẹ́ kí físì àkọ́kọ́ tó dé.

Nígbà tí wọ́n tú Bàbá sílẹ̀, ó bá fọ́tò kẹta Alàgbà Bàrúkù lára ògiri ilé ìjọsìn. Gbogbo wa ń wò ó, à ń retí ìjà. Ó wo fọ́tò náà dáadáa. Ó ní, “Ó jọ ọ́. Ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí òjò má bà á jẹ́.” Wọ́n sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gun àga ìwàásù mọ́. Ó béèrè ìgbálẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ Ajé tó kọjá, òun ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀.

Alàgbà Bàrúkù ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe olórí. Ó ní kí ìjọ máa dìde tí òun bá ń wọlé. Bí ó bá wúkọ́, orin á dúró. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn mọ́ opó kan síta nítorí pé obìnrin náà kọjá níwájú rẹ̀ lọ́jà láìkúnlẹ̀. Bàbá ká ẹní kan jáde, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì bá opó náà kọrin níbẹ̀. Kí wọ́n tó dé orin kejì, ìdajì ìjọ ti wà níta. Alàgbà Bàrúkù ń wàásù fún bẹ́ńṣì nínú ilé, lórí ìgbọràn. Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá wọlé lọ gbálẹ̀.

Mo bi yín nígbà yẹn pé, “Bàbá, ṣé inú kì í bí yín ni?” Ẹ ní, “Bí mo bá bínú pé wọ́n gba ipò lọ́wọ́ mi, á jẹ́ pé èmi náà rò pé tèmi ni.”

Ọ̀rọ̀ náà dára, Bàbá. Èmi ò tíì débẹ̀. Inú ń bí mi. Bí Ọlọ́run bá jẹ ọba, kí ni ènìyàn ń fi ìkúnlẹ̀ opó ṣe? Ẹni tó bá gbà pé òun ní ọ̀gá lókè á máa rọra sọ̀rọ̀ sí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò gbà á ló ń gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ sára ògiri ilé Ọlọ́run. Kámáráàdì tó ní kò sí Ọlọ́run sọ tẹnu rẹ̀ jáde. Alàgbà tó ń hùwà bí ẹni pé kò sí, tó tún ń gba àdúrà ìparí, kí ni ká pe tiẹ̀?

Lọ́jọ́bọ̀, Alàgbà Bàrúkù ránṣẹ́ pè mí. Ó jókòó, kò ní kí n jókòó.

“Ìwọ tó lọ pólítẹkíníìkì yẹn ló máa kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére?”

“Èmi ni, Papa Alàgbà.”

“Kọ ọ́ síbẹ̀ pé abẹ́ mi ni bàbá rẹ ti sìn. Kí o sì kọ ọ́ pé ó ronú pìwà dà lórí ọ̀rọ̀ físì. Tí mo bá rí i kà, màá yọ̀ǹda àyè sàréè fún yín lẹ́bàá ilé ìjọsìn.”

Ibẹ̀ nìkan ni Bàbá ní kí a sin òun sí, lórí ilẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọrẹ.

Mo wá ìrònúpìwàdà náà, nítorí mi ò fẹ́ parọ́ lójú òkú. Mo bi ìyá mi. Ìyá ní òótọ́ ni, ohun kan wà tí Bàbá kábàámọ̀ lórí físì yẹn títí ó fi kú. Bàbá ní pẹ́ńsù lòun fi kọ ọ́, ohun tó sì dá òun lójú tó bẹ́ẹ̀, tàdáwà ló yẹ kóun fi kọ ọ́.

Papa Alàgbà, mo ti kọ ọ́. Ẹ kà á.

Ní ti abẹ́ ẹni tó ti sìn, mo wá ìyẹn náà. Mi ò rí i.

Ìyá ti sọ tirẹ̀. Ó wé gèlè ọ̀fọ̀, ó ní, “A ó sin ọkọ mi síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n tì í. Ilẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́.” Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Ìyá Ráfátù ti se oúnjẹ fún wọn.

Bàbá Èsírà, agbálẹ̀ Ọba, ẹni tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ tó fi tóbi lójú wa: ẹ sùn re o. Kí ilẹ̀ tí ẹ fi tọrẹ tù yín lára. Ẹ sùn re, ọmọ yín ò ní gbàgbé.

ÌKÉDE LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÌGBÌMỌ̀ ÌJỌ

A fi tó gbogbo ọlọ́fọ̀ létí pé a ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ òkè yìí kí a tó kà á. A tún fi tó ẹbí olóògbé létí pé a ti gba ẹ̀bẹ̀ wọn fún àyè sàréè lẹ́bàá ilé ìjọsìn, bí ẹni tó fi ilẹ̀ náà tọrẹ bá lè yọjú sí bírò (ọ́fíìsì) wa fúnra rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò méjì, kí ìsìnkú tó bẹ̀rẹ̀.

Bàrúkù,
Olórí Pátápátá.