Ìpín Ìdérí

Sukudiráfà ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbi iṣẹ́. Bí ẹ bá bá a nídìí tábìlì rẹ̀, ẹ̀yin náà kò ní í wá orúkọ mìíràn fún un. Iléeṣẹ́ wọn ló ń ṣe àwọn àpótí irin kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ òpó gíga, tí ìpè fóònù ń gba inú wọn kọjá. Asẹ́ kan wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe asẹ́ ìyẹ̀fun o. Bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ́ sórí bọ́ọ̀dù, tó jẹ́ pé ìgbì ìpè tí a fẹ́ nìkan ni yóò jẹ́ kó kọjá, tí yóò sì dá ìyókù padà. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni pé kó fi abẹ fá bàbà náà díẹ̀díẹ̀, kó yí sukúrù, kí ojú rẹ̀ má kúrò lára mítà, títí ìlà orí mítà yóò fi dìde níbi tó yẹ kó ti dìde. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ṣe é.

Kì í ṣe ohun tó wù ú nìyẹn. Yàrá ìyàwòrán ló wù ú, níbi tí wọ́n ti ń ya asẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bàbà. Ilẹ̀kùn gíláàsì ni yàrá náà ní. Ẹ̀gbọ́n mi a máa gba iwájú rẹ̀ lọ mu omi, bẹ́ẹ̀ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Òun ló kọ́kọ́ rí ìwé gbà láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ọdún yẹn gan-an ni bàbá wa kú. Ó ká ìwé náà kò, ó wáṣẹ́ síbòmíràn kó tó dé iléeṣẹ́ yìí, nígbà tó sì kàn mí, owó oṣù rẹ̀ ló fi rán mi lọ. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kan náà o, mo sì gboyè jáde. Lónìí, nọ́ńbà ọkọ̀ ni mo ń kọ sínú ìwé ní ọ́fíìsì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ yìí rí, nítorí èmi ò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá yàrá ìyàwòrán, obìnrin kan tí ẹ̀gbọ́n mi lè bí lọ́mọ, pe gbogbo àwọn tó ń yí sukúrù jọ. Ó ní fífá bàbà ti tán. Ètò kọ̀ǹpútà kan ti dé tó máa ń ṣírò bí ìgbì yóò ṣe rìn nínú asẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gé bàbà rárá. Àyè kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ nínú yàrá òun. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó fi ètò náà ya asẹ́ kan. Wọn yóò gé e, wọn yóò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá bọ́ síbi tó yẹ, ó ti wọlé. Àwọn ìyókù á lọ máa di ẹrù sínú páálí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé mi ló gbà wá. Kò tíì jókòó tó fi sọ pé, "Gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá."

Oṣù méjì gbáko, gbogbo ọ̀sán Sátidé, ìdí tábìlì ìjẹun mi la wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: èmi mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìtọ́ni ètò náà, òun ló mọ ohun tí ìwé ń sọ. Ẹ óò kọ́kọ́ sọ fún ètò náà bí bọ́ọ̀dù ṣe nípọn tó, bí àlàfo tó wà láàárín bọ́ọ̀dù àti ìdérí àpótí ṣe ga tó, ibi tí ìgbì yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde. Lẹ́yìn náà lẹ óò ya bàbà. Ètò náà yóò wá gé àwòrán yín sí onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, yóò máa ṣírò wọn. Bí wọ́n bá ṣe kéré tó ni ìdáhùn ṣe ń dára tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń pẹ́ tó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èyí tó kéré jù lọ ni ẹ̀gbọ́n mi yàn. Kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ ní aago méjìlá. Aago mẹ́rin lù, kò tíì ṣe é dé ìdajì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Iṣẹ́ kì í pa ẹ̀rọ. Ìwọ lo sọ ọ́ di ọ̀lẹ."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìlà tó dára jáde. Ètò náà lè fi àwọ̀ han bí iná ṣe ń rìn lórí bàbà: pupa níbi tó bá ti pọ̀, búlúù níbi tí kò bá ti sí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Etí ló ń gbà," ó ní. "Wò ó, etí bàbà ló ń gbà. Àárín ò ní nǹkan kan. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ojú mi ni kò rí i rí."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní eruku ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè wò ó. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fún ara mi rí tó bí mo ṣe fẹ́ kí obìnrin yìí wọ yàrá onílẹ̀kùn gíláàsì yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wọn asẹ́ náà, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo lọ dúró sẹ́nu géètì wọn. Aago mẹ́ta lu kó tó jáde. Ọ̀gá náà ló ń sìn ín bọ̀, mo sì ti mọ̀ pé kò dáa. Ta ló ń sin ẹni tó bá ti wọlé jáde?

"Ẹ kú ìdúró, sà," ọ̀gá náà kí mi. "Nínú gbogbo àwọn tó ya àwòrán, ti Màmá ló mọ́ jù. Ó kàn bọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀ ni. Mi ò mọ ohun tó fà á."

"Èmi mọ̀ ọ́n," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Ó ṣàlàyé fún wa lórí ìdúró. Ìdérí kì í sí lórí àpótí tí wọ́n bá ń fá bàbà. Bí wọ́n bá sì ti dé e tán, ìlà á gòkè díẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló máa ń fi ìlà sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ìdérí lè rí ìpín tirẹ̀ gbé sókè. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà ti ka ìdérí mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló sọ bí àlàfo abẹ́ ìdérí ṣe ga tó fún un. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó rí ìlà náà tó dúró sójú ibi tó yẹ gẹ́lẹ́, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó bá fa bàbà inú àwòrán gùn sí i bíi fọ́nrán irun, kí ìlà lè wálẹ̀.

"Mo fún ìdérí ní ìpín lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Orí mi mọ̀, ọwọ́ mi ni kò gbà."

"Ẹ má bínú, mà," ọ̀gá náà ní, ojú ń tì í. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ fún gbogbo èèyàn. Ó di ọdún tó ń bọ̀ tí àyè mìíràn bá ṣí." Kò parọ́. Ohun tó tún wá bí mi nínú nìyẹn.

A rìn lọ sí ibùdókọ̀. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀, mò ń fapá jù. Mo ní kí n padà lọ bá ọmọ yẹn. Mo ní èmi ni mo ka ojú ewé tó sọ̀rọ̀ ìdérí sí ẹ̀gbọ́n mi létí, ó yẹ kí n rán an létí. Mo ní ọdún kan gbáko nídìí páálí!

"Fara balẹ̀, àbúrò mi," ó ní. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo ti dúró fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti oṣù mẹ́rin. Kí ni ọdún kan?"

Ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Èmi dúró sójú títì. Oṣù mẹ́rin, láti ọjọ́ tó ti ká ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà kò. Obìnrin yìí ń ka oṣù, èmi tí mo lọ jókòó sórí àga tirẹ̀ ní kíláàsì kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí bóyá ó ṣì ń wù ú.