Ṣásì Tuntun fún Ọkọ̀ Bàbá Wa

Bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá ń jó irin, n kì í lè ṣe nǹkan mìíràn. Èmi tí n kì í lè jókòó sójú kan, tí àwọn oníbàárà mi ní ọjà Adjamé mọ̀ sí oníkánjú, màá fa àpótí kan, màá jókòó, màá sì máa wò ó. Mo ti rí iṣẹ́ àwọn jórinjórin tó ń ṣe géètì fún àwọn olówó Zone 4. Iṣẹ́ wọn ń dán lóòótọ́, àmọ́ kò sí èyí tí ojú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tó ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ti bàbá wa ni. Ó ti wà kí wọ́n tó bí mi. Òun ni Bàbá fi ń ṣòwò obì ní Anyama láti ìgbà tí wọ́n ti Ìgbòho dé ìlú àjèjì. Wọ́n á kó obì kún un títí ìdí ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbálẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sí Adjamé. Nígbà tí ara wọn kò gbé òwò mọ́, a gbé ọkọ̀ náà sí etí ọ̀sà ní Boribana, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì jẹ abẹ́ rẹ̀ tán. Òkè rẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ṣásì rẹ̀, irin náà á rún síni lọ́wọ́.

Kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yẹn ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá, débi pé wọn kò lè wọ gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kérò, mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn, àwọn àgbà Ìgbòho àti Ṣakí tí wọ́n jọ dàgbà sínú òwò, Adjamé ni wọ́n ti ń kírun Jímọ̀, wọ́n á sì jọ jókòó di ìrọ̀lẹ́. Bàbá kò rí wọn mọ́. Wọ́n kàn ń jókòó sílé ní Anyama, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń dín kù lójoojúmọ́, ó sì ń dùn mí dọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa sọ ọkọ̀ náà dọ̀tun, kí Bàbá lè máa lọ rí àwọn ẹgbẹ́ wọn láìjẹ̀rora. Mo bi í pé kí ló kù tó fẹ́ tún ṣe nínú ìpẹtà yẹn. Ó ní ọwọ́ òun lòun máa fi ṣe ṣásì mìíràn.

Ó sì ṣe é. Ó ra irin onígun mẹ́rin, ó tò wọ́n sílẹ̀. Kó lè mọ̀ bóyá wọ́n dọ́gba, ó rọ omi sínú rọ́bà gbọọrọ kan tó mọ́ gaara, ó gbé orí rẹ̀ kan sí igun kan, ó gbé èkejì sí òdìkejì, ibi tí omi bá sì dúró sí ló ń tẹ̀ lé. Ó fi okùn wọn ọ́n láti igun dé igun, ó ta kókó sí okùn náà, ó tún gbé e sí igun méjì yòókù. Bí kókó náà bá yẹ̀ díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á tú irin palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Màá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀?” Á tún ta kókó mìíràn sí okùn rẹ̀.

Ó lọ sí kásì, níbi tí wọ́n ti ń tú àwọn ọkọ̀ tó ti kú, ó mú irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ bọ̀. Ó gé e, ó jó o pọ̀ kó lè bá ọkọ̀ wa mu, ó sì to ewé sípíríǹgì, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń gba ìwúwo ẹrù, tó nípọn, tó sì pọ̀, sídìí rẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sọ ara ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ṣásì náà, gbogbo ihò tí wọ́n fẹ́ de nọ́ọ̀tì sí ló ṣe wẹ́kú. Mo pariwo, mo fò mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, èmi ni mo jókòó sẹ́yìn, níbi tí Bàbá máa jókòó sí. Ní gegele àkọ́kọ́, orí mi lu òkè ọkọ̀. Ní èkejì, mo gé ahọ́n ara mi jẹ.

“Ẹ dúró! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?”

“Fara balẹ̀, c'est normal, bó ṣe máa ń rí nìyẹn,” ó ní. “Á rọlẹ̀ tí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́.”

“Ẹrù wo?”

Ó dá ọkọ̀ dúró. Gbogbo ọkọ̀ tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ti àwọn oníṣòwò wa ni, ọkọ̀ tó ń gbé ju agbára rẹ̀ lọ. Ìdí ọkọ̀ tó le ni wọ́n máa ń ní kó ṣe fún àwọn. Bàbá tó ń kó obì ló wà lọ́kàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ yẹn, bàbá yẹn kò sì sí mọ́. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní bóyá ká di yanrìn sẹ́yìn ọkọ̀.

“Yanrìn kẹ̀? Bàbá mi ni mo fẹ́ gbé.”

Ó rọra wa ọkọ̀ náà dé Anyama, ó kó irinṣẹ́ dání. Inú Bàbá dùn, wọ́n ń fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i tí ọmọ wọn ń yọ ewé sípíríǹgì, wọ́n figbe ta.

“Kí lo ń yọ yẹn? Ọkọ̀ ẹrù ni ọkọ̀ mi! Báwo ló ṣe máa gbé wòró?” Wòró ni àwọn Jula ń pe obì, Bàbá kì í sì í pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi yọrí lábẹ́ ọkọ̀. Kò dìde, ó kàn yíra padà ni, ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ nínú gíríìsì.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin nìkan ló kù tó máa gbé.”

Bàbá yọwọ́ kúrò lára ọkọ̀. Mo rò pé wọ́n máa wọlé lọ.

“Yọ ọ́ nígbà náà,” ni wọ́n wí.

Bó bá yọ ewé kan, á tún ìyókù dè, á ní kí Bàbá wọlé jókòó, á wá tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, á máa wo bó ṣe ń mì. Bàbá ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọn kò ráhùn. Títí dòní, n kò tíì rí ẹni tó ní sùúrù tó ẹ̀gbọ́n mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, a gbé Bàbá lọ sí Adjamé. Bí a ṣe ń lọ, wọ́n ń sọ fún wa nípa ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Anyama. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé, a bá kòtò ńlá kan pàdé, gbàkà sì wà lọ́tùn-ún lósì wa, kò sí bí a ṣe lè yà fún un. Mo di ìjókòó mú, mo dijú. Táyà iwájú wọ inú rẹ̀, ti ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, ọkọ̀ rọra rì, ó sì rọra dìde.

Bàbá ń sọ̀rọ̀ wọn lọ, wọn kò tilẹ̀ dánu dúró. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi nínú dígí. Omijé ti kún ojú rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” ó ń wí. “Lẹ́yìn náà ńkọ́?”