Bí Mo Ṣe Lọ Wo Kàlẹ́ńdà Màmá Àgàtá ní Ìyìn

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo jáde nílé wa ní Adó-Èkìtì. Mo ti ka Rosari mi tán, mo sì ti dúpẹ́ pé Ọlọ́run jẹ́ kí ara mi gba ìrìn àjò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Ọ̀yọ́ kò mọ Màmá Àgàtá. Òun ni tíṣà àgbà tó gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Adó láti wá kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í ka ìwé ìtàn fún ìgbádùn ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá parí ọ̀kan, á kọ orúkọ ìwé náà sórí ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà lára ògiri, á sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un: "ó dùn", "irọ́ pọ̀", "mo sunkún". Lọ́dọ̀ wa, a máa ń já kàlẹ́ńdà àtijọ́ dànù bí ọdún bá yí. Màmá kì í já a. Á kan tuntun mọ́ orí ti tẹ́lẹ̀, títí ìdì kàlẹ́ńdà náà fi nípọn bí ìrọ̀rí.

Ó ti fẹ̀yìn tì sí Ìyìn báyìí, ó kó ìdì kàlẹ́ńdà náà dání lọ, ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé ìwé kan wà tóun fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwé yẹn ló kọ́kọ́ pa òun lẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ òun. Òun ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, àmọ́ ó wà lórí kàlẹ́ńdà ọdún náà. Ó ní, "Wá bá mi wò ó, kí o wá a rà, kí o sì kà á fún mi." Mo ṣèlérí. Kí n má baà lọ lọ́wọ́ òfo, mo mú ìwé ìtàn mìíràn sínú báàgì mi.

Ní ibùdókọ̀ Fájuyì, mo ra búrẹ́dì gbígbóná fún Màmá, mo wọ takisí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni wọ́n ń gbà dé Ìyìn. Mo bẹ awakọ̀ kó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ó bojú wẹ̀yìn. "Màmá, ará Ọ̀yọ́ ni yín, àbí?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ohùn yín ni. Ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ owó ọkọ̀ bí ẹni ń kọrin. Àwọn tiwa ì bá ti bínú sọ̀ kalẹ̀."

Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Dẹ́rẹ́bà, fi ìyá lọ́rùn sílẹ̀. Ìwọ tí ò ń pe ilé ní ulé, ta ló fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ níbí: ilé ni ulé, ìwé ni ùwé. Mo san owó mi pé.

Lẹ́yìn Básírì, kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà, kùrukùrù sì bo orí àwọn òkè olókùúta. Bí a ṣe ń lọ, mo ń ronú ibi tí mo ti máa rí ìwé náà rà.

Òórùn ọ̀dà tí kò tíì tán ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà Màmá. Màmá mọ ìró ẹsẹ̀ mi.

"Ọmọ Ọ̀yọ́, ìwọ rèé? Jókòó. Bùnmi ń gúnyán fún ẹ."

Bùnmi ni ìyàwó ọmọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, iyán kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀. Níbí, bí àlejò ò bá jẹ ẹ́, inú onílé á bàjẹ́. Mo gbójú sókè. Ògiri náà funfun báláú. Kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti ọdún yìí.

Mo tẹ̀ lé Bùnmi dé ilé ìdáná, mo sì bi í léèrè.

"Àwọn ògbólógbòó yẹn, Àǹtí? A kun ilé lóṣù tó kọjá nítorí ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí Màmá. Mo fi wọ́n bo ìwé iléèwé àwọn ọmọ. Bébà wọn ki, ẹ̀yìn wọn sì funfun dáadáa."

Ohùn Màmá wá láti pálọ̀. "Bùnmi, kí lo fi bo ìwé?"

Bùnmi fi ọmọ odó sílẹ̀, ó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá ní pálọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. N ò mọ̀ pé ẹ kọ nǹkan sí i."

Èyí tó pọ̀ nínú àwọn ìwé náà ni wọ́n ti dáná sun lẹ́yìn ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù nínú páálí kan. A jókòó sílẹ̀, a ń fi abẹ tú téèpù ara wọn. Orúkọ ìwé méjì kan jáde. Kì í ṣe àwọn la ń wá. Nígbà tó yá, mo rí ọdún tí wọ́n sin ọkọ Màmá nísàlẹ̀ bébà kàlẹ́ńdà kan. Sísọ́ọ̀sì ti gé ibi tí orúkọ ìwé wà lọ. Ohun tó kù ni: "Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ṣeun."

"Kà á," ni Màmá wí.

Mo kà á fún un. Ó na ọwọ́, mo fi bébà náà sí i, ó sì ń fi àtàńpàkò ra á.

"Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó gbé ewúrẹ́ lọ sí kóòtù," ló wí. "Mi ò rántí ìdí rẹ̀ mọ́."

Mo yọ ìwé inú báàgì mi, mo kà á fún un títí di ọ̀sán. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Ó dára. Kì í ṣe òun."

Mo délé láyọ̀ nírọ̀lẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bùnmi ò jẹ̀bi. Màmá kọ orúkọ ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi náà ń wò ó, àwa méjèèjì ò sì sọ fún ará ilé kankan pé nǹkan iyebíye ni. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ ìwé tí ẹ kà sílẹ̀, ẹ sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Mo ti bi àwọn olùtà ìwé ní Adó nípa ọkùnrin tó gbé ewúrẹ́ lọ sí kóòtù. Wọ́n kàn ń wò mí ni. Màmá ò sì tíì ní kí n wá kàwé fún òun mọ́ láti ọjọ́ náà.