Bí Tiransifọ́mà Ṣe Gun Òkè Ọ̀kà

Ọkọ̀ akẹ́rù náà ké títí, ó tú èéfín dúdú sí wa lójú, ó sì kú. Kọ́nà tó le jù lójú ọ̀nà òkè Ọ̀kà ló kú sí. A ti ń rí òpó iná tuntun lókè níbi tí a ń lọ, ṣùgbọ́n tiransifọ́mà tí a fẹ́ gbé síbẹ̀ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ bíi màlúù tó kọ̀ tí kò lọ mọ́.

Ọ̀gá Súnmọ́nù, tí mo kọ́ iṣẹ́ iná lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ṣí fìlà, ó fi nu ojú. "Páwà ọkọ̀ yìí ti tán," ló wí.

Àpótí irin ńlá ni tiransifọ́mà, òróró ló kún inú rẹ̀. Iná tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ máa ń le ju ohun tí ilé lè gbà lọ. Tiransifọ́mà ló ń rọ̀ ọ́ lójú kó tó wọlé. Bó bá ṣubú tí òróró rẹ̀ dà nù, ó di irin lásán. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò yẹn ti ń dáwó fún eléyìí. Bó bá fọ́, inú òkùnkùn ni wọ́n á tún padà sí.

Baálẹ̀ àdúgbò pàṣẹ kí gbogbo ilé jáde, gbogbo ilé sì jáde. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò náà dé, ó gbé ọwọ́ lé tiransifọ́mà, ó gbàdúrà gígùn pé kí agbára ọ̀run wá tì í gòkè. Ọ̀gá mi, tí í ṣe mùsùlùmí, ṣe àmín tó dún ketekete, ó wá sọ sí mi létí pé, "Lọ mú okùn wá, kí agbára ọ̀run lè rí nǹkan dì mú."

A fi pákó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí àwọn igi róbótó. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé bó bá ti yí kúrò lórí igi kan, ẹnìkan á sáré gbé igi náà lọ síwájú. Àwọn méjì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú òkúta ńlá tí wọ́n á fi dènà rẹ̀ bó bá fẹ́ padà sẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé mo lágbára. Mo bọ́ ẹ̀wù kí àwọn ọmọge tó dúró lókè lè rí apá mi. Èmi ni mo gba iwájú okùn, èmi náà ni mo ń kà á: "Wan, tuu, tiri!" Àwọn kan fà ní tuu, àwọn kan fà ní tiri, bàbá kan tí etí rẹ̀ wúwo fà nígbà tí gbogbo wa ti simi. Àpótí náà ò mira. A tún fà. Ó sún díẹ̀, okùn bọ́ lọ́wọ́ wa, ó sì yí padà sẹ́yìn. Òkúta ni Ọlọ́run fi kó wa yọ. Òróró kán díẹ̀ létí ìdérí rẹ̀. Obìnrin kan bú sẹ́kún.

Mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Oníkẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, ó ń wò wá. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń ra epo àtùpà.

"Màmá, ẹ wá bá wa fà á," ni mo pariwo, "àbí ẹ fẹ́ kó fọ́, kí ọjà yín má baà kú ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì máa ń gún mi láyà bí mo bá rántí rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé òun gan-an ló kọ́kọ́ dáwó.

"Dọ̀bálẹ̀," ni ọ̀gá mi wí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku láìwọ ẹ̀wù.

"Dìde, ọmọ Ìkàrẹ́," ni màmá náà wí. "Apá ẹ dáa. Ẹnu ẹ ni kò mọ̀ ọ́n kà. Mo ti ń wò yín. Ẹ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ fà á."

Ó tún ìró rẹ̀ so kó le, ó gun orí àpáta kan. Àṣé òun ló ń pe orin nígbà tí wọ́n ń ru òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gòkè láyé àtijọ́.

"Ẹ̀yin ọkọ mi!"

"Hẹ́ẹ̀!"

"Iyán àná dà?"

"Ó wà níkùn!"

"Irọ́ ni! Ẹ jẹ́ n rí i!"

"Hẹ́ẹ̀!"

Hẹ́ẹ̀ ìkẹyìn yẹn ni gbogbo wọn fà á lé lórí. Kò kọ́ wọn, ara wọn ló mọ̀ ọ́n. Tiransifọ́mà sì gbéra, ó ń gòkè jẹ́jẹ́ bí aboyún.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bàbá Délé, ẹ ń fa okùn ni, àbí okùn ló ń fà yín?" "Pásítọ̀, ẹ lajú! A ti ṣe àmín tán!" "Baálẹ̀, àṣẹ yín dà? Ẹ pa á fún okùn!" Baálẹ̀ alára, tó ti ju fìlà sílẹ̀, dáhùn pé, "Mo gbọ́, ìyàwó!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba okùn lọ́wọ́ wa. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ fà ṣáájú, á ní, "Ọmọ Ìkàrẹ́, má dá rìn!" Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dúró de ènìyàn. Báyìí ni a ṣe dé òkè.

Lọ́jọ́ tí a tan iná, ariwo àwọn ọmọdé gba gbogbo òkè kan. Mo ti bẹ ọ̀gá mi kó jẹ́ kí n wáyà ṣọ́ọ̀bù màmá náà lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá na ìka sí súìṣì, ó tún fà á sẹ́yìn.

"Ṣé kò ní gbá mi?"

"Kò ní gbá yín, Màmá."

"Kó má dán an wò. Èmi ni mo pè é gòkè."

Ní báyìí, èmi náà ti ní ọmọṣẹ́. Bí a bá fẹ́ gbé òpó dìde, ì báà jẹ́ ní Ìpè tàbí ní Ìfira, mi ò jẹ́ ka wan, tuu, tiri mọ́. Mo máa ń béèrè ẹni tó lóhùn orin ládùúgbò, mo sì máa ń fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́.

Fíríìsà ló wà níbi tí Ìyá Oníkẹrosíìnì ń to kẹ́ẹ̀gì sí tẹ́lẹ̀. Ẹja àti omi tútù ló ń tà, a sì jọ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá yà. Lọ́jọ́ kan tí mo dúró mumi lọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, iná ṣẹ́jú, ó lọ. Màmá wò mí, mo wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa kẹ́ẹ̀gì kan jáde lábẹ́ tábìlì.

"Ọmọ Ìkàrẹ́, ìgò mélòó ni kí n wọ̀n fún ẹ?"